Ojú prósẹ́sọ̀ ni kẹ́ ẹ ti ka fóltì ẹ̀, ẹ má kà á lójú bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé Pentium kan sórí bọ́ọ̀dù kan, fóltì mélòó ni kí n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí?" Ìdáhùn mi ò yí padà rí. Màá ní kí wọ́n nu ojú prósẹ́sọ̀ yẹn (Pentium yẹn, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) dáadáa, kí wọ́n yí i dà kí wọ́n wo ìdí ẹ̀ náà, kí wọ́n wá ka gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sí i lára fún mi, títí kan àwọn lẹ́tà tíntìntín tó dà bíi pé wọn ò wúlò fún nǹkan kan. Wọ́n máa ń rò pé mo kàn fẹ́ dá wọn lágara ni, wọ́n ṣáà ti sọ fún mi pé Pentium ni, kí ló tún kù? Ohun tó kù pọ̀ jàre. Pentium tó ń lo 5V wà, ti 3.3V wà, èyí tó fẹ́ 3.5V wà, ti 2.8V náà wà, Pentium ṣáà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ló fi bẹ̀rẹ̀ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Pentium Pro ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1995, Pentium II wá sọ ọ́ di ti gbogbo ayé ní 1997: prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sọ iye fóltì tó fẹ́. Àwọn pínnì kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VID, bọ́ọ̀dù á wo èyí tí wọ́n so mọ́ ground (apá negative iná) nínú wọn àti èyí tí wọn ò so, ibẹ̀ ló ti máa mọ iye tó máa gbé jáde. Àmọ́ 486 tó ṣáájú Pentium, Pentium àkọ́kọ́ ti Intel, K5 àti K6 ti iléeṣẹ́ AMD, gbogbo àwọn ti iléeṣẹ́ Cyrix, èèyàn ló ń bá wọn sọ ọ́, jọ́mpà la sì fi ń sọ ọ́, ike kékeré tó ní irin nínú tí wọ́n fi ń so pínnì méjì pọ̀ yẹn. Bọ́ọ̀dù ò mọ ohun tí ẹ gbé lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá ní kó fún K6-2 ní 3.3V, á fún un, kò ní bá yín jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí fóltì fi ń yí padà látorí prósẹ́sọ̀ kan sí òmíì, torí ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ooru ni. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ máa ń pọ̀ bí sípíìdì ẹ̀ ṣe ń pọ̀, ìyẹn ò le, sípíìdì lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì, iná lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ti fóltì ló burú, tẹ́ ẹ bá sọ fóltì di ìlọ́po méjì, iná á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ fi ń fa fóltì wálẹ̀ bí sípíìdì ṣe ń gòkè. Pentium 60 àti 66 tó jáde ní 1993 ń lo 5V, wọ́n sì gbóná bí nǹkan míì. Nígbà tó di 1994 àwọn 75, 90 àti 100 ti bọ́ sí 3.3V, inú ọdún yẹn náà ni 486DX4 jáde, 3.3V lòun náà. January 1997 ni Pentium MMX wá gbé tuntun dé: 2.8V fún inú ẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ, 3.3V fún àwọn pínnì tó fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Core la ń pe tàkọ́kọ́, ìkejì ni I/O. Láti ìgbà yẹn lọ, sẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lórí bọ́ọ̀dù kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. MMX 233 lè jẹ tó 17W ní 2.8V. Ẹ wá fún un ní 3.3V, bí ẹni tó ní bọ́ọ̀dù Socket 5 (irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú ìgbà MMX) tí ò mọ 2.8V ṣe máa ń ṣe. 3.3 pín sí 2.8 jẹ́ 1.18, ẹ fi ìyẹn sọ ara ẹ̀ dọ̀pọ̀, ó di 1.39. 17W yẹn ti di nǹkan bíi 23.6W nìyẹn, lórí heatsink kékeré ìgbà yẹn o, irin tó ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, prósẹ́sọ̀ ẹlòmíì sì lo ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀ láìkú, mi ò ní parọ́ pé lójú ẹsẹ̀ ló ń jó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín ni mo ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Wọ́n ti ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì àgbélérí fún irú bọ́ọ̀dù yẹn, èyí tí régúlétọ̀, ohun tó ń dín fóltì kù, ti wà lára ẹ̀, ẹ ó kì í bọ àárín prósẹ́sọ̀ àti bọ́ọ̀dù, òun lá máa bá yín sọ 3.3V di 2.8V.

Ó dáa, kíkà. Tẹ́ ẹ bá yí Pentium tí kì í ṣe MMX dà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan nídìí ẹ̀ tó ń fi S bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ìlà wíwọ́ kan, lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta, bíi SSS tàbí VSS. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni ti fóltì. S túmọ̀ sí pé ti gbogbo gbòò ni, ó lè gba ohunkóhun láti 3.135V sí 3.6V. V túmọ̀ sí pé VRE ni, ìyẹn ò fẹ́ ohun tó bá wà lábẹ́ 3.4V, 3.4V sí 3.6V nìkan lá máa gbà. Ẹ ó rí i pé 3.5V bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, ìyẹn ló fà á tí àwọn kan fi máa ń sẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹ̀ sí 3.5V láìwo ìdí ẹ̀ rárá. Kò ní bàjẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ èmi ò rí ìdí tí màá fi máa sun prósẹ́sọ̀ tó lè ṣiṣẹ́ ní 3.3V pẹ́ẹ́, kí n ṣáà yí i wò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan náà ni.

Ti AMD rọrùn jù, torí ọ̀pọ̀ nínú K6-2 ni wọ́n kọ ọ́ sí lójú gbangba, "2.2V CORE / 3.3V I/O". Ibi tó ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé orúkọ kan náà lè ní fóltì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo K6 àkọ́kọ́, 1997: 166 àti 200 ń lo 2.9V, 233 tí wọ́n jọ jáde fẹ́ 3.2V. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tí wọ́n ṣe 266 àti 300, ó já wálẹ̀ sí 2.2V. Ẹni tó bá kàn mọ̀ ọ́n sí K6, tó fi fóltì ti 233 fún 300, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń bọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé nọ́ńbà sípíìdì ni kẹ́ ẹ máa wò, lẹ́tà àárín ni ti fóltì: L jẹ́ 2.9V, N jẹ́ 3.2V, F jẹ́ 2.2V, H jẹ́ 2.4V, C jẹ́ 2.0V. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ooru tó lè gbà, R lè gba 70 degree, X ò fẹ́ kọjá 65.

Lẹ́tà àárín yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀rẹ́ mi kan gbé wá bá mi. K6-2 450 ló wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀. DOS ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ tó bá ti fẹ́ fi Windows 98 sí i, ó máa ń gan ni, nígbà míì níbi tó ti ń kó fáìlì, nígbà míì lẹ́yìn tó bá ti parí tó ní òun ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ RAM, ó ti pààrọ̀ háàdì-dáìsì, ó ti pààrọ̀ síìdì Windows pàápàá. Mo ní ṣé ó ti ka ojú prósẹ́sọ̀, ó ní K6-2 ni, 2.2V ni K6-2, gbogbo ayé ló mọ̀. A tú fáànù kúrò. Páásìtì tó ti gbẹ ti bo gbogbo ojú ẹ̀, mo fi òwú tó ní spirit nù ún díẹ̀díẹ̀, mi ò ha á, torí irú ìkọ̀wé yẹn lè ṣí kúrò. Lẹ́tà ẹ̀ ò tíì hàn síbẹ̀. Mo wá gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá dípò kó máa là á sójú, lẹ́tà yẹn bá yọ: AHX. H. 2.4V lòun. A sún jọ́mpà ẹyọ kan, Windows wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò gan mọ́. 450 tó jẹ́ AFX wà lóòótọ́, 2.2V nìyẹn ń lo, nǹkan tí òun gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ò burú, kì í ṣáà ṣe ti èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Cyrix kíákíá: 6x86 ẹyọ fóltì kan ló ń lò, 6x86L sì ń lo 2.8V fún core, L kan ṣoṣo ló yà wọ́n. 6x86MX ń lo 2.9V. Èyí tí ò ní L yẹn máa ń gbóná gan-an, ẹ má fi fáànù tó ti rẹ̀ sí i.

Bọ́ọ̀dù wá kàn. Àwọn bọ́ọ̀dù kan tẹ tábìlì fóltì sára ara wọn, ìlà funfun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀dù kan lè ní rivíṣọ̀n mẹ́ta mẹ́rin, kí jọ́mpà ti yí ipò padà láàárín wọn, ìwé ìlò tí ẹ rí lè jẹ́ ti rivíṣọ̀n míì. Tí n bá ń wá ìwé bọ́ọ̀dù, The Retro Web, ìkànnì tó ń kó ìwé bọ́ọ̀dù àtijọ́ jọ, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, màá sì wo nọ́ńbà rivíṣọ̀n tó wà lórí bọ́ọ̀dù mọ́ àwòrán tó wà níbẹ̀, ibi tí jọ́mpà kọ̀ọ̀kan wà gan-an, kí n tó gba ìwé yẹn gbọ́.

Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù Socket 7 tó dé kẹ́yìn, ẹ ò tiẹ̀ nílò tábìlì tẹ́ ẹ bá ti mọ àṣírí ẹ̀. Jọ́mpà mẹ́rin ló máa ń wà, ọ̀kan jẹ́ 0.1, ọ̀kan 0.2, ọ̀kan 0.4, ọ̀kan 0.8. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo wọn, 2.0V lẹ ní. Èyí tẹ́ ẹ bá kì bọlẹ̀, ẹ fi iye tiẹ̀ kún 2.0. Fún 2.2V ẹ ki ti 0.2 nìkan, fún 2.8V ẹ ki ti 0.8 nìkan, fún 2.4V ti 0.4, tẹ́ ẹ bá ki mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ó di 3.5V. Ìgbà tí mo lóye èyí ni ara tù mí, torí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ni ìwé wọn ò kọ ju 2.8, 2.9, 3.2 lọ, tí wọ́n sì lè ṣe 2.2 àti 2.0 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. K6-2+ àti K6-III+ tó ń lo 2.0V, orí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń lò wọ́n, gbogbo jọ́mpà ni mo yọ. Àmọ́ mo wọ̀n ọ́n kí n tó gbé prósẹ́sọ̀ lé e o, mi ò kàn gbà á gbọ́.

Torí bọ́ọ̀dù ìran míì wà tó jẹ́ pé òdìkejì ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Èyí tí mo sọ yìí, tí jọ́mpà kan bá dípẹtà tí ò kan pínnì dáadáa, fóltì á lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní tàn, kò sóhun tó bàjẹ́. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ díẹ̀ tó ń lo régúlétọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, jọ́mpà yẹn ló so rẹsítọ̀ tó ń dá régúlétọ̀ dúró mọ́ ground. Tó bá já, régúlétọ̀ ò rí ohun tó dá a dúró mọ́, á gbé gbogbo agbára ẹ̀ jáde, ó lè súnmọ́ 4V. Nítorí náà ẹ má yọ gbogbo jọ́mpà kẹ́ ẹ wá tan iná pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ lórí ẹ̀ pé ẹ fẹ́ wò ó. Jọ́mpà tó ti dúdú nínú, mi ò kì í tún un lò, mo máa ń jù ú nù, òmíì wà lára háàdì-dáìsì tó ti kú.

Ọ̀rọ̀ mítà ni mo fẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀ sí. Mítà yòówù tó lè wọn DC ti tó. Mo máa ń gbé bọ́ọ̀dù sórí pátákó tàbí páálí, màá yọ prósẹ́sọ̀ kúrò, màá so páwà mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ AT, irú páwà àtijọ́ tó ní ṣọ́kì méjì, àwọn wáyà dúdú ti ṣọ́kì méjèèjì gbọ́dọ̀ kojú ara wọn láàárín, ẹ má ṣì í o, màá sì so háàdì-dáìsì àtijọ́ kan mọ́ ọn kí páwà lè rí nǹkan gbé. Wáyà dúdú mítà, mo máa ń kì í bọ ibi wáyà dúdú lára ṣọ́kì háàdì-dáìsì tó ṣẹ́ kù. Wáyà pupa, kapásítọ̀ (agolo kékeré tó ń tọ́jú iná) tó súnmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì jù, ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ò sí lápá ìlà funfun, ìlà yẹn ló ń fi negative hàn. Ọwọ́ kan ni mo máa ń lò, torí tí wáyà pupa bá yọ̀ tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, ẹ ti dá iṣẹ́ míì sílẹ̀ fún ara yín.

Ohun tí mítà máa ń sọ fún mi kì í bá ti tábìlì mu déédéé. Bọ́ọ̀dù kan wà lọ́wọ́ mi tí mo sẹ́ẹ̀tì sí 2.2V tó ń gbé 2.28V jáde. Ìyẹn ò le, màá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí n bọ́ sí 2.1 lórí jọ́mpà kí n lè rí nǹkan bíi 2.18V. Èyí tó bá fi 0.2V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ohun tí mo ní kó ṣe, mi ò ní gbé prósẹ́sọ̀ gidi sí i títí màá fi mọ ìdí ẹ̀. Ẹ tún rántí pé bọ́ọ̀dù kan ń dá fóltì yàn: ó ní pínnì kan tí MMX fi ń sọ pé òun nílò fóltì méjì. Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣófo, irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ á rò pé Pentium àtijọ́ ló wà níbẹ̀, 3.3V lẹ ó rí. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fi àmì yẹn gbà pé á fún K6 yín ní 2.2V, 2.8V ló mọ̀.

Lẹ́yìn tí mo bá ti gbé prósẹ́sọ̀ sí i, mo máa ń tún un wọ̀n, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ gidi, kì í ṣe nígbà tó kàn dúró síbi BIOS. Ibẹ̀ ni kapásítọ̀ tó ti gbẹ ti máa ń tú ara ẹ̀ fó. Kapásítọ̀ yẹn dà bí ìkòkò omi ẹ̀yìnkùlé, òun ló ń fún prósẹ́sọ̀ ní iná nígbà tó bá dédé nílò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí régúlétọ̀ ò tíì ráyè dáhùn, tó bá ti gbẹ, fóltì á máa já tá máa fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá tó kéré gan-an. Mítà kì í sì í rí gbogbo ẹ̀, torí ìpíndọ́gba ló ń fi hàn. Ẹ ó rí 2.2V tó dára lójú mítà, kọ̀ǹpútà á sì máa gan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gbé fóltì sókè, 2.3, 2.4, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ pààrọ̀ kapásítọ̀ kẹ́ ẹ dá fóltì padà sí ibi tó wà. Bọ́ọ̀dù tó ti lé ní ogún ọdún, tí orí kapásítọ̀ ẹ̀ wú tàbí tí ìdí ẹ̀ ń yọ omi, mi ò tiẹ̀ ní tan iná sí i kí n tó pààrọ̀ wọn.

Bí mo ṣe ń mọ̀ bóyá prósẹ́sọ̀ ni ìṣòro nìyí. Màá fi bus (sípíìdì bọ́ọ̀dù) sílẹ̀ bó ṣe wà, màá dín multiplier (iye tí prósẹ́sọ̀ fi ń sọ sípíìdì bus di púpọ̀) nìkan kù, bíi kí 4.5 di 3.5 kí bus ṣì wà ní 100MHz. RAM àti cache bọ́ọ̀dù (mẹ́mọ́rì kékeré tó yára) ń sáré bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀, prósẹ́sọ̀ nìkan ló rọ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá dúró dáadáa, prósẹ́sọ̀ ni, yálà fóltì kéré fún un tàbí ooru pọ̀ jù. Tó bá ń gan síbẹ̀, RAM tàbí bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ lọ wò, ẹ fi fóltì sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó pààrọ̀ RAM àti háàdì-dáìsì yẹn, tó bá mọ èyí ni, ì bá ti fi owó ẹ̀ ṣe nǹkan míì.

Régúlétọ̀ náà lọ́rọ̀ nínú. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ní òrùka tí wọ́n yí wáyà bàbà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, switching nìyẹn, kì í fi iná ṣòfò púpọ̀. Èyí tó kàn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dè mọ́ irin, tí ò sí òrùka kankan nítòsí ẹ̀, linear ló sábà máa ń jẹ́. Ó ń gba 5V, prósẹ́sọ̀ fẹ́ 2.8V, 2.2V tó kù yẹn ooru ló ń sọ ọ́ dà. MMX 233 lè fà tó 6.5A, ẹ fi 2.2 sọ ọ́ dọ̀pọ̀, 14.3W. Régúlétọ̀ tó tóbi bí èékánná ń gbóná bíi prósẹ́sọ̀ tó ń jẹ 17W, bẹ́ẹ̀ prósẹ́sọ̀ ní fáànù, òun ò ní. Lórí irú bọ́ọ̀dù yẹn, MMX 166 ni mo máa ń fi mọ. Tó bá pọn dandan kí n lo èyí tó yára ju ìyẹn lọ, màá so fáànù kékeré kan tó dojú kọ régúlétọ̀. Tí bọ́ọ̀dù bá ti yí àwọ̀ padà sí pupa-rúsúrúsú lábẹ́ régúlétọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó lò ó ṣáájú ti fojú ẹ̀ rí màbo.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn èèyàn ò kì í sọ ni pé ẹ lè fa fóltì wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ lo gbogbo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. MMX 166 kan wà lọ́wọ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní 2.5V, ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ooru ẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, mo sì ti yọ fáànù aláriwo yẹn kúrò, heatsink tó tóbi díẹ̀ ti tó o. 0.1V ni mo máa ń fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tó le mọ́jú, Prime95 dáa fún ìyẹn, tó bá ti ṣe àṣìṣe, màá dá 0.1V padà fún un kí n tún fi 0.1V míì lé e. Ti gbígbé sókè ni mi ò fẹ́ràn. Prósẹ́sọ̀ yìí ò sí ẹni tó ń ṣe òmíì mọ́, 33MHz tẹ́ ẹ ó rí lórí ẹ̀, eré Quake á yára díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀.

486 ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù, torí níbẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń le. Àwọn bọ́ọ̀dù 486 àkọ́kọ́ ò mọ̀ ju 5V lọ. DX4 àti Am5x86 133 ti AMD, 3.3V sí 3.45V ni tiwọn. Gbogbo wọn ló sì máa wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, irin ò ní kọ̀ wọ́n. 5V lórí Am5x86 tó fẹ́ 3.45V, iná tá máa jẹ ju ìlọ́po méjì lọ. DX2-66 ti AMD tún wà ní ti 5V àti ti 3V, ojú ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ wò ó. Wàyí o, DX4 OverDrive ti Intel, èyí tí wọ́n ṣe láti fi mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yára sí i, yàtọ̀ sí DX4 lásán: òun ti gbé régúlétọ̀ tiẹ̀ sórí ara ẹ̀, bọ́ọ̀dù 5V ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pentium OverDrive tó ń wọ bọ́ọ̀dù 486, ẹ ó rí 5V nínú nọ́ńbà ẹ̀ gan-an, PODP5V83. Ẹni tó bá wá sún jọ́mpà sí 3.3V torí pé ó gbọ́ "DX4", OverDrive ẹ̀ ò ní tàn, á ní wọ́n ta òkú fún òun.

Ó ku I/O tí mo ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Lórí bọ́ọ̀dù tó ní fóltì méjì, 3.3V ni I/O, àmọ́ àwọn bọ́ọ̀dù kan fún yín ní jọ́mpà láti gbé òun náà sókè sí 3.45V tàbí 3.5V, àwọn tó ń fipá lé bus sí 83MHz ló máa ń lò ó. Iná yẹn kì í ṣe ti prósẹ́sọ̀ nìkan, chipset (àwọn chip tó ń darí bọ́ọ̀dù) àti cache máa ń mu nínú ẹ̀, wọn ò sì ní heatsink. Mo máa ń bá a níbi tí ẹni tó ni bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ gbé e sí, màá dá a padà sí 3.3V kí n tó fọwọ́ kan jọ́mpà core, màá sì wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, lórí kapásítọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ cache, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.